Òkú Yìí Ní Èèyàn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjókòó níwájú Olúwa. Ọlọ́run tó tún jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tẹ pákó ṣọ́ọ̀ṣì yìí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, òun ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà tí ẹ fún mi láyè jókòó. Mo rí àwọn tó ń fi ìgùnpá gún ara wọn nígbà tí mo wọlé o. Kò burú. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀, màá gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń jẹ́rìí a máa gbé ọmọ tuntun wá síwájú, tàbí kí wọ́n na físà sókè kí gbogbo wa rí i. Egungun ọmọ mi ni Ọlọ́run bá mi gbà sílẹ̀ ní tèmi, nítorí náà ẹ má retí ijó lẹ́sẹ̀ mi lónìí. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, Fúnmiláyọ̀ ni mí, ẹja ni mò ń yan tà. Abereke níbí ni mo ń gbé kí n tó kó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Zion Pepe. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni, Ìbùkún lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Tí ọmọ yẹn bá ń bá mi ṣa edé, orin ló máa ń kọ, kò sì mọ orin kankan dé òpin. Tó bá dé ibi tí kò mọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo máa ń jágbe mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí etí mi sinmi. Etí mi ti sinmi báyìí.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ibà kọlù ú. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ọrùn rẹ̀ gan, kò dá mi lóhùn mọ́. Mo pọ̀n ọ́n wá síbí nítorí pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n so ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì tó máa gbé wa lọ sí ọsibítù mọ́. Ìyá Àdúrà, tí wọ́n ń darí àdúrà àwa obìnrin, ní ká wọlé díẹ̀, ká fi ọmọ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ká tó ṣíkọ̀. Àdúrà wọ inú àdúrà, orin wọ inú orin. Ìgbà tí a máa fi jáde, omi ti fà. Ẹ̀yin náà mọ bí odò wa ṣe máa ń rí tí omi bá fà. Ìdajì ọ̀nà ni ọkọ̀ ti kanlẹ̀. Àwọn ọkùnrin bọ́ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń tì í, ẹrẹ̀ mù wọ́n dé itan. Ibi tí wọ́n ti ń tì í ni Ìbùkún kú sí, lórí ẹsẹ̀ mi.

A sin ín sí itẹ́ òkú wa létí òkun. Mo fi igi àgbọn kan ṣe àmì, ìṣísẹ̀ méje sí ìdí àgbọn. Nígbà tí Ìyá Àdúrà wá kí mi, wọ́n ní, “Ìyá Ìbùkún, pẹ̀lẹ́.” Mo ní kí wọ́n má fi orúkọ yẹn pè mí mọ́ láyé, pé ẹni tó pa ọmọ kì í pe orúkọ ọmọ. Níwájú àwọn èèyàn ni mo ti sọ ọ́. Màmá dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kó lọ, tí mo sì fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ní Zion Pepe, mo sọ fún gbogbo ayé pé Fúnmi ni kí wọ́n máa pè mí.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ti Abereke dé, kò lè wò mí lójú. Ó ní òkun ti wọ itẹ́ òkú, pé pákó pósí ti ń fó sétí omi. Ọmọ tó kú lórí ẹrẹ̀, ṣé òkun tún máa wá gbé e lọ síbi tí mi ò mọ̀ ni? Ọjọ́ yẹn ni mo tún gbàdúrà, kì í sì í ṣe àdúrà tó dára létí. Mo ní, Ọlọ́run, o gba ọmọ, má jẹ́ kí òkun gba egungun.

Ilẹ̀ mọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi àti ọkùnrin méjì mú ṣọ́bìrì, a wá. Igi àgbọn mi ti lọ. Òkun ti jẹ ìdí rẹ̀, ó sì ti gbé e lọ. Koríko bo gbogbo ibojì tó kù, àfi ẹyọ kan tí wọ́n ro mọ́ tónítóní, tí wọ́n fi ìkarahun funfun yí ká. Mo wò ó, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, “Òkú yìí ní èèyàn.” Ìlara ló mú mi, mi ò ní purọ́. A fojú díwọ̀n, a gbẹ́ ibì kan, a gbẹ́ ibòmíì, omi iyọ̀ nìkan ló ń sun. Omi sì ti ń kún bọ̀. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo ní ó ti tán.

Ìgbà yẹn ni mo rí Ìyá Àdúrà tí wọ́n ń rìn bọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fà mí lọ sídìí ibojì tó mọ́ yẹn. Wọ́n ní, “Ọma mi, Ìbùkún rè é.”

Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, Sátidé kan kò kọjá kí Màmá má wá ro ibẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní mo ti ní kí wọ́n má pe orúkọ ọmọ.

Nígbà tí ṣọ́bìrì dé ìsàlẹ̀, a rí ẹ̀gbà oníke pupa tí mo rà fún un ní Ode Mahin. Ó ṣì pupa. Màmá bọ́ sùtánà tó wà lọ́rùn wọn, òun la fi di egungun. Mo kúnlẹ̀ kí a gbàdúrà, Màmá sì gbé mi dìde. Wọ́n ní, “Wọ ọkọ̀. Omi kì í dúró de èèyàn. A ó gbàdúrà lójú ọ̀nà.”

Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti jẹ́wọ́ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo pọn Ìbùkún wá síbí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ni mo kúnlẹ̀ sí. Mo rí i pé ẹrẹ̀ ti ń yọ nídìí òpó. Èmi ọmọ omi, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo pa ẹnu mọ́ kí ẹ má baà ní mi ò ní ìgbàgbọ́. Ẹ̀bi yẹn wúwo, mo wá dì í, mo gbé e ru Màmá. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán, Màmá sún mọ́ mi. Wọ́n ní, “Èmi náà rí i.”

A jọ sunkún dé Zion Pepe ni. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi la sin ín sí, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Lọ́jọ́ kejì, òkun ti bo ibojì àtijọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e wọ ọkọ̀. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà lórí omi. Màmá fúnra wọn ló ní kí n sọ ọ́ níbí. Ẹni tó bá sì ń bínú sí ẹnì kan nínú ìjọ yìí, kó rọra. Ó lè jẹ́ pé onítọ̀hún ló ń bá ọ ro ibojì.

Ọkàn mi kò tíì san. Ṣùgbọ́n Olúwa tó mọ ibi tí ọmọ mi wà nígbà tí èmi ò mọ̀ ọ́n, tirẹ̀ ni ògo. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ ṣáà yọ̀ jẹ́jẹ́.

Màmá, mo rí yín lẹ́yìn níbẹ̀. Mo ti kó ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín lọ́jọ́sí jẹ. Ẹ pe orúkọ tí ẹ máa ń pè mí. Màá jẹ́ ẹ.