Lánàá, Iké Ò Tíì Yọ

Níbi tí mo ti ń dúró de súyà ní Ajah ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì kan tí wọ́n ń bọ̀ láti ìpàdé àwọn ọlọ́sìn màlúù àgbáyé ní Lekki, káàdì ìpàdé ṣì wà lọ́rùn wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ nawọ́ sókè lánàá pé irú màlúù ilẹ̀ wa yìí kì í ní iké, pé èyí tó bá ti ní in, àbùlà ni, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú agbo."

"Lánàá, iké ò tíì yọ." Èyí àgbà nínú wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, ó tẹjú mọ́ fọ́tò akọ màlúù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ láti oko.

"Iké wo ló ń hù mọ́jú? Ẹ yáa tà á fún ẹlẹ́súyà yìí."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni akọ tí àìsàn ṣẹ́ kù fún mi. Tí n bá tà á, agbo mi parí nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ n wò ó. Bóyá ọ̀rá ni."

"Ọ̀rá kẹ̀?" Ó yí fóònù sí mi. "Màmá, ẹ dákun, iké ni àbí ọ̀rá?"

Mo wò ó títí. Ojú ẹ̀ ń bẹ̀ mí, mi ò sì mọ ohun tí ìdáhùn mi lè bà jẹ́.

Mo ní, "Ọmọ mi, màlúù ni mo rí."