Ẹni Tó Yan Ọta Fúyẹ́ Ló Ní Mo Fi Ẹfọ̀n Pamọ́

Tongai pa irọ́ mọ́ mi, Tafirei, níwájú gbogbo abúlé ló sì ti pa á. Ó ní mo mọ ibi tí ẹfọ̀n tí àlejò yìnbọn fún gbà lọ, ó ní mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nù, nítorí pé ẹfọ̀n ni ẹran orílẹ̀ mi. Ohun tó ṣe fún mi nìyẹn. Má tíì sọ nǹkan kan fún mi nípa ṣúgà àti ewé tíì tó fi rán ọ. Gbé e sílẹ̀ síbẹ̀. Rárá, má gbé e wọlé, ìyàwó mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ọ̀rọ̀ á sì dàrú.

Ìwọ jókòó. Èmi ò lè jókòó. Láti Ọjọ́rú tó kọjá ni mi ò ti lè jókòó, tí mo bá dùbúlẹ̀ mo dìde, tí mo bá dìde mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí lẹ́tà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tọ ipa ẹran ní etí odò Angwa yìí, Tafirei, ọgbọ̀n ọdún, ta ló gbọ́ rí pé mo tan ọdẹ jẹ? Ta ló kọ́ Tongai fúnra rẹ̀? Nígbà tó dé àgọ́ láti kọ́ iṣẹ́ ọdẹ, ó rí ipa ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ baálẹ̀, ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ igbó abilà ló kọjá. Mo ha sọ ọ́ di ẹlẹ́yà bí? Mo fà á sẹ́yìn, mo sọ òtítọ́ fún un ní ìkọ̀kọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ títí di òní tí mo sọ fún ọ yìí.

Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí mo mọ̀ pé bí òun ṣe tò ó fún ọ yàtọ̀.

Ìbọn mẹ́ta ló wà ní àgọ́ ọdẹ nígbà tí àlejò tó sanwó wá ṣọdẹ dé. Èyí tó tóbi jù, àlejò gbé e, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí páálí ìdánrawò, ó dijú, èjìká rẹ̀ wú, ó ní òun ò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Mi ò bá a wí. Ẹni tó bá ń dijú kó tó yìnbọn, kó máa ju òkò. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, òfin ò gbà á fún ẹfọ̀n, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá ku èyí àárín, tí wọ́n ń pè ní 375. Òun lọkùnrin lè gbé láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tó lè yìn láìdijú, tó sì lè la egungun kọjá dé ibi tí ẹ̀mí wà. Èmi àti Tongai tó ń ṣamọ̀nà àlejò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n ìbọn kọ́ ló ń pa ẹran, Tafirei, ọta ni. Àlejò mú páálí ọta méjì wá fún ìbọn kan náà. Wọ́n jọra bí ìbejì, ìdí idẹ kan náà, ẹnu ìbọn kan náà ló gbà wọ́n. Ọ̀kan wà nínú páálí pupa, wọ́n kọ ìwọ̀n ọta, 300, sí i lára, ọta inú rẹ̀ gùn, ó wúwo, ó le. Èkejì wà nínú páálí àwọ̀ ìyeyè, 235 ló wà lára tirẹ̀, ọta kúkúrú tó fúyẹ́, tó ń sáré, tó ń là bí òdòdó bó bá ti kan ara. Ìyẹn dára fún àgbọ̀nrín tó dúró lọ́nà jíjìn. Òun ni wọ́n fi pa àgbọ̀nrín oníwo lílọ́ ní Ọjọ́ Ajé, ó sì ṣubú wẹ́rẹ́. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ̀wé kà, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti wá mọ̀ ọ́n, mo ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ. Mo ka páálí méjèèjì. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, bí a ṣe ń mu tíì, mo wo bẹ́líìtì àlejò, mo rí i pé ọta ti inú páálí ìyeyè ló tò síbẹ̀.

Mo ní, “Tongai, ti àgbọ̀nrín lèyí. Ti ẹfọ̀n wà nínú páálí pupa.”

Ó ní, “Bàbá, a ti to awò orí ìbọn sí èyí. Ọta wúwo máa ń balẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí a bá fojú sùn. Tí a bá pààrọ̀ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ tún yìnbọn mẹ́rin márùn-ún sí páálí ìdánrawò, gbogbo ẹran etí odò á sì sá.”

Mo ní, “Jẹ́ kí wọ́n sá. Òǹgbẹ á dá wọn padà lọ́la.”

Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àlejò, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé, “Bàbá mi yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ àgbà, kò sí páálí tó lè kọjá lójú rẹ̀ mọ́. Lánàá ó ka páálí ọṣẹ fún wa.” Ó gbàgbé pé Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀. Àlejò rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e. Mi ò bínú sí àlejò, ọjọ́ méje péré ló ní, ohun tí wọ́n bá fún un ló máa yìn.

Èmi náà sì dákẹ́. Gbọ́ eléyìí dáadáa, torí mi ò fẹ́ fara mi pamọ́ sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀, mo sì dákẹ́, nítorí pé ẹ̀rín yẹn dùn mí. Àgbàlagbà tó mọ òtítọ́ tó sì tìtorí ẹ̀rín gbé e mì, ó ti jẹ̀bi. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, màá sì sọ ọ́ níbikíbi. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi kò sọ tirẹ̀ di tèmi.

Akọ ẹfọ̀n àgbà kan ni, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ẹlẹ́gùn-ún, ó fi èjìká sí wa. Àlejò yìnbọn dáadáa, ibi tó yẹ kó bà á ló ti bà á. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró rẹ̀. Ọta tó wọlé máa ń dún gbù, bí ẹni fọwọ́ gbá àpò àgbàdo. Èyí dún pá, bí igi lu igi. Ẹfọ̀n náà gbọ̀n, ó wọ inú ẹ̀gún lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí nílẹ̀ kò kún ṣíbí. Mo tọ̀ ọ́, ewé kan níbí, ipa pátákò kan lọ́hùn-ún, títí oòrùn fi dé àtàrí, a wá dé orí òkúta, kò sì sí ohun tí òkúta máa ń sọ fún ènìyàn. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká yípo lọ sí ibi esùsú etí odò. Ẹran tó gbọgbẹ́ á wá omi.” Tongai ní ó ti rẹ àlejò. Ó ní ká padà.

O mọ àwọn tó ń dúró dè wá lójú ọ̀nà. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Gbogbo abúlé ti gbọ́ ìró ìbọn, ẹ ti gbé abọ́ àti ọ̀bẹ jáde, nítorí pé tiyín ni ẹran tí àlejò bá pa, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ẹ bi Tongai pé ẹran dà. Ojú tì í, mo mọ̀ pé ojú tì í, ogójì abọ́ òfìfo níwájú ènìyàn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ṣé ènìyàn á wá fa orúkọ ẹlòmíràn bo ìtìjú ara rẹ̀ bí ẹni fa aṣọ bora?

Ó ní, “Ẹ bi Bàbá Rudo. Ẹfọ̀n ni orílẹ̀ rẹ̀. Ta ló máa tọ ipa bàbá ara rẹ̀ dé ibi ikú?”

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, Tafirei, mo rí ọ. Má sọ pé ikọ́ ni.

Òótọ́ ni, ẹfọ̀n ni wá. Láti ìgbà tí ìyá mi ti já mi lẹ́nu ọmú, ẹran rẹ̀ kò kan ahọ́n mi. Ìkòkò tí ìyàwó mi fi ń se é fún ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èmi àtàwọn ọmọ mi, kódà ìta ló ń fọ̀ ọ́ sí. Tí wọ́n bá pa á, mo máa ń ṣí fìlà, mo máa ń pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń sọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó jẹ́ ẹran orílẹ̀ mi gan-an ni mi ò ṣe fẹ́ kó jìyà. Ẹni tó bá ní kí n fi ẹfọ̀n tó gbọgbẹ́ sílẹ̀ kó máa jẹrà láàyè nítorí ìfẹ́, ẹni yẹn ò mọ ìfẹ́, kò sì mọ orílẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá Tsitsi lọ pọnmi. Ẹfọ̀n náà wà nínú esùsú, inú ń bí i, egungun ń ro ó. Ó sọ garawa obìnrin yẹn di pẹlẹbẹ bí àwo. Ọlọ́run ló ní kí igi wà nítòsí. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló kán bó ṣe ń gùn ún. Ọ̀rọ̀ wo làwọn obìnrin ń sọ lójú ọ̀nà odò lẹ́yìn náà? Wọ́n ní ẹbí Gwinyai, ìdílé tèmi yìí, ló ṣe é. Wọn ò kí ìyàwó mi mọ́. Àgọ́ sì ránṣẹ́ pé kí n má wá ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ mi. Ṣé o rí i? Iṣẹ́ mi, orúkọ mi, ìyàwó mi lójú ọ̀nà odò.

Mo lọ bá Mudiwa aṣọ́gbó lánàá. Kí n tó bá a rìn, mo ní kó fi ọta rẹ̀ hàn mí. 300. Mo ní ó dára, jẹ́ ká lọ. Inú esùsú náà la ti bá a, ibi tí mo ní ká yípo sí gan-an. Ọta kan ṣoṣo. Gbù. Bó ṣe yẹ kó dún nìyẹn.

Ṣí páálí ìṣáná yìí. Ṣí i, kò ní bù ọ́ jẹ. Èjìká ẹfọ̀n ni Mudiwa ti gbẹ́ ọta àlejò yìí jáde níṣojú èmi àti baálẹ̀. Ṣó o rí i bó ṣe là, bó ṣe fọ́ sí wẹ́wẹ́? Orí egungun ló parí ìrìn rẹ̀ sí. Kò rí ẹ̀dọ̀fóró, kò rí ọkàn. Ta ló bo ipa ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi tàbí ọta fúyẹ́?

Ìwọ ni sahwira ilé wa, ọ̀rẹ́ ìdílé láti ìran dé ìran. Bàbá rẹ ló sin bàbá mi, ìwọ lo máa sin mí, ìwọ lo máa wọ bàtà mi lọ́jọ́ ìsìnkú mi tí wàá máa ṣe bíi tèmi kí àwọn aṣọ̀fọ̀ lè rẹ́rìn-ín. Báwo lo ṣe máa ṣe mí? Ṣé wàá máa fi ewé gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ́ ni? Nítorí pé ohun tí wọ́n á máa rántí nìyẹn tí a bá jẹ́ kó rí báyìí. O ò rí ìyẹn rò tó o fi gbé ṣúgà wá.

Ó fẹ́ wá bẹ̀ mí nínú ilé ìdáná mi, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó bú mi lójú ọ̀nà ọba, ó fẹ́ bẹ̀ mí nídìí ìkòkò. Ọmọ mi ni Tongai, mi ò fẹ́ kó fi ewúrẹ́ san ìtanràn, mi ò fẹ́ kí wọ́n gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Wo abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ baálẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n ń pín ẹran náà lónìí, ènìyàn kan náà, abọ́ kan náà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́. Kó dúró níwájú àwọn abọ́ yẹn kó sọ ẹni tó yan ọta. Gbé ṣúgà rẹ̀, lọ sọ fún un. Èmi á dúró níbí.

O ti dé. Kí ló dé tó o tètè dé báyìí? Kò jiyàn? Kò sọ pé àlejò wà níbẹ̀? Ó ní kí àlejò náà gbọ́? Jẹ́ kí n mú fìlà mi. Rìn níwájú, Tafirei, má jẹ́ kí n sáré, wọ́n á ní inú mi ń dùn.

Ìyá Tsitsi nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ nínú aṣọ. Jẹ́ kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tongai ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó ń pàtẹ́wọ́. Dákẹ́, Tafirei, jẹ́ kí n gbọ́.

“Ẹ̀yin ará ilé wa, ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ burúkú, mo wá sọ òtítọ́ fún ẹ̀yin kan náà tẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Mo ní bàbá yìí sọ ipa ẹfọ̀n nù nítorí orílẹ̀ rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni mo yan ọta fúyẹ́, nítorí pé mo ń ṣọ̀lẹ láti tún awò ìbọn tò. Bàbá ka páálí sí mi létí, mo sọ wọ́n di ẹlẹ́yà lójú àlejò. Wọ́n júwe esùsú, mo ní ká máa lọ sílé. Ìyá Tsitsi, ẹ má bínú, èmi ni mo ṣẹ́ yín lọ́wọ́, kì í ṣe ẹfọ̀n. Bàbá Rudo, ohun tí mo mọ̀ nípa igbó, ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ. Orúkọ tí mo fi bú yín náà ni mo wá fi ń bẹ̀ yín níwájú gbogbo abọ́ yìí: Ẹfọ̀n, ẹ jọ̀wọ́. Ẹfọ̀n, ẹ forí jì mí.”