Èmi Ni Mo Pa Fíìmù Nọ́ọ̀sì

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ pa fóònù yín, nítorí lónìí kì í ṣe fíìmù tí mo wò lọ́sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún méjìlá, mo sì ti pinnu pé n kò ní gbé e wọ sàréè. Dókítà sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ó ti rẹ ọkàn mi, pé kí n má gun àtẹ̀gùn mọ́, kí n má sì máa bínú. Ti àtẹ̀gùn nìkan ni mo gbà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rù ikú ló ń bà mí. Ó ti sú mi láti máa gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ni.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni télọ̀ tí ó ni yàrá tí ẹ jókòó sí yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń pàdé níbí ní aago mẹ́rin gbogbo Sátidé, tí màá ti àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí kálukú á sọ fíìmù tí ó wò, bí ó ṣe rí lójú rẹ̀, àti bóyá kí àwa náà lọ wò ó. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Adájọ́. Bí mo bá ní fíìmù kan dáa, ẹ ó sáré lọ wò ó; bí mo bá yínmú sí i, ó ti tán nìyẹn. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń wá sọ̀rọ̀ nípa fíìmù tí wọ́n sùn lé lórí. Tíṣà, má wo ilẹ̀, ìwọ ni mò ń bá wí. Ṣùgbọ́n irọ́ tiyín, irọ́ ọmọdé ni. Tèmi ba ayé ẹnìkan jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí á rántí Nọ́ọ̀sì, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ó máa ń jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ó ń ṣe fíìmù tirẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é, ní àwọn ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú kámẹ́rà àyálò àti àwọn ìyá àgbà méjì tí ó ti tọ́jú rí ní wọ́ọ̀dù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò oníbàárà kan lọ́wọ́, ó gbé àwo fíìmù náà wá bá mi.

“Mà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò ó,” ó ní. “Bí ẹ bá ní ó dáa, màá gbé e lọ sí ìdíje. Bí ẹ bá ní kò dáa, màá mọ̀ pé òótọ́ ni.”

Ó lọ tán ni mo ti ilẹ̀kùn, mo wò ó. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ni, arúgbó méjì tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, tí wọ́n ti yan ara wọn lódì fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ ká aṣọ, ọ̀kan kò ní bá èkejì sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, etí ẹ̀gbọ́n di. Ọjọ́ tí àbúrò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kò gbọ́ràn mọ́ ni ó tó la ẹnu. Ó sọ, ó sọ, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́sàn-án náà, ẹ̀gbọ́n ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo sunkún débi pé omijé rin ṣòkòtò oníṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn bí fíìmù tó dáa ṣe ń rí, n kò ṣe ìṣẹ́jú kan ṣoṣo rí. Ọmọ tí kì í lanu níwájú mi wá lọ ṣe èyí. Ìlara ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó padà wá, mo ní, “Kò tíì jinná, ọmọ mi. Má fi han ẹnikẹ́ni.” Ojú rẹ̀ fàro. Ó ní, “Ẹ ṣeun, mà,” ó sì fi àwo náà sílẹ̀ fún mi, bóyá mo lè tún wò ó.

Bó bá mọ síbẹ̀ ni, ǹ bá máa pè é ní àṣìṣe. Ẹ dúró. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó kàn mí láti sọ̀rọ̀ ní Sátidé kan, n kò sì wo nǹkankan lọ́sẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì ti ní òun máa wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo la ẹnu, fíìmù rẹ̀ ló jáde. Mo ní ará òkèèrè kan ló ṣe é. Gbogbo yín sún àga mọ́ mi. Mo dé ibi tí etí ẹ̀gbọ́n ti di nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo lè dákẹ́ nígbà náà. Mo lè ní, ẹni tó ṣe é gan-an nìyí, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Mo sọ ọ́ dópin. Awakọ̀ tó jókòó níwájú yìí ń fi ọwọ́ nu ojú.

Nọ́ọ̀sì ní, “Mà, ọdún wo ni wọ́n ṣe fíìmù yẹn?”

“Á ti tó ogún ọdún,” mo dáhùn. Ó tún bi mí ní orúkọ fíìmù náà. Orúkọ tí mo pè fún un, èmi fúnra mi kò lè tún un pè lónìí.

Nígbà tí ẹ lọ tán, ó bá mi to àga. Ó ní, “Ó ní láti jẹ́ pé mo gbọ́ ìtàn yẹn níbì kan ní kékeré, tí mo wá rò pé tèmi ni. Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní kí n má fi han ẹnikẹ́ni, mà? Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n pè mí lólè?”

Ibí yìí gan-an ni mo ti pa á. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó dúpẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó pè pé òun ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà, pé kí n bá òun sọ àwo ọ̀hún nù. Kò wá síbí mọ́. Kò ṣe fíìmù kankan mọ́. N kò sọ ọ́ nù. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ fi èyí kún un: lọ́dọọdún ni mò ń wò ó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo pè é. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó wá ní, “Nígbà náà, ṣé ó dáa, mà?”

Mo ní, “N kò tíì rí èyí tó dáa tó o.”

“Ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ má pè mí mọ́.”

Mo ti gba èsì lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀, nítorí náà ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Lọ́wọ́ ẹ̀yin, n kò tọrọ nǹkankan. Bí ẹ bá fẹ́ gba oyè Adájọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ wá ibòmíràn tí ẹ ó ti máa pàdé, ọ̀nà là. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde kí fíìmù yìí tó tán. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, tí ẹ ń fi ìka kan pa iṣẹ́ ọdún mẹ́rin lórí fóònù, ẹ gbọ́: lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ẹlòmíràn bá dáa tó bẹ́ẹ̀ tí inú fi bí yín, ẹ tètè lọ sọ fún un lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó rí irọ́ tí ẹ máa pa. Tíṣà, fa aṣọ fèrèsé yẹn. Orúkọ Nọ́ọ̀sì ló máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ kà á sókè.