Iṣẹ́ Tí Bàbá Rán Mi Tí Mi Ò Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì dìde. Pásítọ̀ ní kí n fi ìṣẹ́jú márùn-ún dúpẹ́ ọdún méjì tí bàbá wa sùn nínú Olúwa. Mi ò ní dúpẹ́. Ohun tí mo fi pamọ́ sínú láti ọdún méjì ni mo fẹ́ sọ, bó bá sì bí yín nínú, ó yẹ kó bí yín.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí sí ọmọ dáadáa. Lóòótọ́, nígbà tí màmá wa kú, èmi ni mo kó ẹrù mi padà sílé. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá ṣe títí ojú wọn fi fọ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, tí mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn, tí mò ń ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí wọn létí láràárọ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí bàbá ń pè ní Kékeré, kò wá sin màmá. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ó ní ọ̀gá òun ò gbà fún òun. Bàbá ní àwọn ò fẹ́ gbóhùn ẹ̀ mọ́. Kí n má purọ́, inú mi dùn.

Lọ́dún kẹfà, Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá, torí ojú ń tì í láti pè. Ta ni yóò kà á fún afọ́jú? Èmi náà ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ bàbá." Mo kà á, mo pa á rẹ́. Bàbá á ní, "Fóònù yẹn dún. Ta ni?" Màá ní, "Àwọn tó ń polówó ọjà ni, Bàbá." Ìgbà mọ́kànlá ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, màá ṣí Ìwé Mímọ́, màá máa kà á lọ geere. Aláìnítìjú ni mí.

Nígbà tí àìsàn wá dá bàbá wó, wọ́n ní kí n mú fóònù, kí n kọ̀wé sí Kékeré. "Kọ ọ́ pé mo ti dárí jì í. Kọ ọ́ pé èmi náà ṣẹ̀ ẹ́. Kó wá, kí n fọwọ́ kan orí ẹ̀." Ojú wọn tàn fún ayọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi tọ́jú wọn, ojú wọn ò tàn sí mi báyẹn rí. Inú bí mi. Mo wá kọ ọ́ pé, "Bàbá ní kó o má wá. Wọ́n ní kó o má tẹ̀lé pósí àwọn." Bàbá ní, "Kà á kí n gbọ́." Mo gbé fóònù sójú, mo ka ohun tí wọ́n sọ gan-an fún wọn, láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi." Mo ṣe àmín, mo sì fi tèmi ránṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi retí ẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, wọ́n á ní, "Kékeré?" Màá ní, "Ó ń bọ̀, Bàbá." Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Kékeré dúró sí òdìkejì títì, kò sọdá. Ẹ ní ọlọ́kàn líle ni. Èmi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Látìgbà náà, bẹ́ ẹ bá ń gba àdúrà Olúwa, tẹ́ ẹ bá ti débi ìdáríjì, ikọ́ ni mo máa ń wú. Ẹ rò pé ọ̀fìnkìn ni. Ẹ̀ ń tù mí nínú, ẹ ní bàbá ti wà ní ìsinmi, pé a ó tún pàdé. Ìpàdé yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹlòmíì á sunkún òbí ẹ̀, á rí ìtùnú. Ẹkún tèmi ò kọjá òrùlé.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo lọ bá Kékeré níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sọ́kọ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Kò lù mí, kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bàbá rò pé mi ò fẹ́ wá ni?" Irọ́ ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Wọ́n rò pé ojú ọ̀nà lo wà. Wọ́n ń pè ẹ́ títí wọ́n fi kú." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì ń bi mí pé kí ló dé.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ṣì ń tọ́jú òbí, ẹ má rò pé ìtọ́jú yẹn ti sọ ìfẹ́ wọn di tiyín nìkan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ yín. Ti Kékeré, mi ò tíì láyà láti tọrọ ẹ̀. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá jáde níbí, ẹ má wá kí mi. Ilé Kékeré ni kẹ́ ẹ lọ. Bàbá tèmi ti kú láti ọdún méjì. Bàbá tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Ọjọ́rú.