Adé Tí Mo Rí Lórí Dọ́káàsì

Dọ́káàsì tó jókòó níwájú yìí, tó wé gèlè aláwọ̀ ewé, òun ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ìjọ yìí. Má dìde o, Dọ́káàsì, jókòó. Ọpẹ́ ni mo wá dú, ẹjọ́ díẹ̀ kàn wà nínú rẹ̀ ni. Ẹ yin Olúwa! Ẹ ò yìn ín tó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa kì í yin Olúwa jẹ́jẹ́.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà ní Kaduna, èmi ni mo sì ń darí orin àwọn ìyá títí ẹsẹ̀ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí mo bá kọ ìlà orin kan, mo ní láti sinmi kí n tó kọ ìkejì. Dọ́káàsì dìde ní ìpàdé, ó ní a kì í mí hẹlẹhẹlẹ kọrin Ọlọ́run, ó sì gba ìwé orin lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo kọ́ ọ lórin! Mo ti dárí jì í. N kò gbàgbé.

Ní ọsibítù, dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́, ìdí nìyẹn tí omi fi ń dúró sí mi lẹ́sẹ̀. Ó fún mi ní oògùn tó ń mú ni tọ̀, àti hóró funfun kékeré kan, dijọ́ksìn. Ewé òdòdó kan nílùú òyìnbó ni wọ́n ti rí i. Ó ń jẹ́ kí ọkàn lù pẹ̀lú agbára, kó má sì sáré àsápajúdé. Kò pé oṣù kan tí bàtà mi tún wọ̀ mí. Mo rìn láti ilé dé ọjà Kasuwan Barci láìdúró mí. Kai!

Ni Dọ́káàsì, olórí ẹgbẹ́ àdúrà, bá ní kí n gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kí ìwòsàn náà lè pé. Omi nìkan. Ìgbéraga mú mi, mo gbà. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, omi ààwẹ̀ yẹn ni mo fi ń gbé oògùn méjèèjì mì láràárọ̀. Mo ní oògùn kì í ṣe oúnjẹ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, èébì ń gbé mi. Lọ́jọ́ kẹfà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbí, gbogbo nǹkan di aláwọ̀ ìyeyè: ògiri, aṣọ funfun pásítọ̀, iná. Mo wo Dọ́káàsì, ìmọ́lẹ̀ yí orí rẹ̀ ká. Mo sì sọ ọ́ síta!

"Adé ni!" Dọ́káàsì kúnlẹ̀. "Màmá rí adé lórí mi! Halelúyà!"

Gbogbo yín ń fò sókè. Hánà nìkan, nọ́ọ̀sì tó wà nínú kọ́yà wa, ló di ọrùn ọwọ́ mi mú, tó ń wo aago.

"Ogójì péré ló ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Màmá, ẹ dìde, ọsibítù yá."

"Hánà, o fẹ́ da ìran rú ni?"

"Haba, Mọ́mì Dọ́káàsì! Bí a bá dúró, ọ̀run gan-an ni wọ́n máa rí tẹ̀lé e."

Dókítà bi mí bóyá mo jẹun. Mo ní ààwẹ̀ ni. Ó gbá orí mú. Ó ní oògùn ìtọ̀ ti kó potáṣíọ̀mù, iyọ̀ kan tí ọkàn ń lò, jáde lára mi, n kò sì jẹ ohun tó máa dá a padà. Nígbà tí iyọ̀ yẹn dínkù, dijọ́ksìn di májèlé sí mi lára; òun ló pa ojú mi dà tí mo fi ń rí àwọ̀ ìyeyè àti ìmọ́lẹ̀. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fi potáṣíọ̀mù sí mi lára. Lọ́jọ́ kẹta, mo lajú, mo rí aṣọ fèrèsé wọ́ọ̀dù: funfun báláú! Mo sunkún ayọ̀.

Nítorí náà, kò sí adé kankan. Kí akọ̀wé ìjọ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí wọ́n ti ròyìn adé yẹn dé àdúgbò Kinkinau.

Dókítà ti dá oògùn náà padà, ó dín in kù. Láràárọ̀, mo máa ń ka bí ọkàn mi ṣe ń lù kí n tó gbé e mì. Bí kò bá tó ọgọ́ta, n kò lò ó, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Mo sì ń jẹun o! Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó, ògo ni fún Ẹni tó dá ewé, tó tún dá Hánà.

Ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́bọ̀, Dọ́káàsì wá sílé mi. Sílípáàsì ọkọ rẹ̀ ló wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú kọjá bàtà, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, Ọlọ́run rí mi. Ó gbé ìwé orin sórí tábìlì mi, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní:

"Màmá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka bó ṣe ń lù. Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ rí adé."