Káàdì Tí Kọ̀ǹpútà Kọ̀

Lásìkò òjò, nínú ọkọ̀ tó ń ti Latrikunda lọ sí Banjul ní ilẹ̀ Gambia, akọ̀wé kan gbé páálí káàdì lé itan, ó ń bá obìnrin olóbì kan sọ̀rọ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ni mo bá tẹ́tí.

"Ẹ̀gbọ́n, ihò tí a lu sára àwọn káàdì yìí ni kọ̀ǹpútà fi ń ka ìṣirò iléeṣẹ́ wa. Kọ̀ǹpútà kọ̀, kò kà wọ́n mọ́. Ọ̀rinrin ti mú wọn wú."

"Báwo ni ọ̀rinrin ṣe débẹ̀?"

"Ọ̀gá ló ní kí wọ́n tú amúlétutù yàrá kọ̀ǹpútà, kí wọ́n gbé e wá sí ọ́fíìsì òun. Ooru ń mú un! Ó wá kọ lẹ́tà pé èmi ni mo ba káàdì jẹ́, ó ní kí n fọwọ́ sí i."

"Fọwọ́ sí i, kí o sì bẹ̀ ẹ́. Ìlú onílùú la wà."

"Kí n bẹ̀ ẹ́ kẹ̀? Àbí èmi ni mo rọ òjò ọ̀hún?"

Títí dòní, gbólóhùn yẹn ṣì wà létí mi.

"Àbúrò, ro tàwọn ọmọ rẹ."

"Tiwọn ni mò ń rò. Wọn ò ní jẹ́ ọmọ abaǹkanjẹ́." Ó gbá páálí náà mọ́ra. "Mo ti fọwọ́ sí i ṣá."

"Alhamdulillahi!"

"Ṣùgbọ́n mo kọ ìlà kan sókè orúkọ mi: 'Amúlétutù yàrá kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn àga ọ̀gá. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.'"