Àlàfo Tí Mo Fi Sìmẹ́ńtì Dí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi kí ẹ tó kà á tán. Òjò ọdún mẹ́ta ti rọ̀ kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Èmi ni mo fa wíwó ògiri tó kán ìyá ọkọ mi lẹ́sẹ̀. Ẹlòmíràn ló ru ẹ̀bi rẹ̀. Mo pàdé ẹni náà ní Sakété lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Ahoyéyé ni à ń gbé, ní agbègbè Pobè. Aránṣọ ni mí. Awakọ̀ ni ọkọ mi ní Kùtọ̀nú, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Èmi, ìyá rẹ̀ àti ọmọbìnrin mi, Sẹ̀nà, la jọ wà nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Ọwọ́ mi kì í dúró. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé, ara mi kì í balẹ̀ títí n ó fi tú u wò. Ẹni tó bá ti dúró de oníṣẹ́ ọwọ́ rí á mọ ohun tó fà á. Wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ lọ́la, ọ̀la á di ọ̀tunla, ẹ ó máa wojú ọ̀nà. Mo wá ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Mo tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe, láti ìgbà náà òkúta la fi ń tì í. Mo tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, ó jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo bá fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dì í. Mo gun òrùlé láti dí ihò kan, méjì ló kù nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá fẹ́ kí nǹkan kú pátápátá, kí òun ṣáà fà á lé mi lọ́wọ́. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí. Mo fẹ́ kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ kan kí wọ́n sì yìn mí.

Nígbà tí yàrá ìyá ọkọ mi di ẹgẹrẹmìtì, ọkọ mi ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó pe Bàbá Alábí, mọlémọlé àgbà kan ládùúgbò wa, pé kó tún ògiri iwájú mọ, kó sì ṣe pèpéle tuntun sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ ni bàbá náà, iṣẹ́ rẹ̀ kì í yá, ṣùgbọ́n ó máa ń mọ́.

Ilẹ̀ dúdú ni ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́ẹ̀rùn á gbẹ, á sán, ọwọ́ á wọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá. Bí òjò bá dé, á mumi, á wú, á máa gbé ohun tó bá wà lórí rẹ̀ sókè. Nítorí èyí ni Bàbá Alábí ṣe fi àlàfo tó fẹ̀ tó ìka méjì sílẹ̀ láàárín pèpéle àti ẹsẹ̀ ògiri. Yanrìn lásán ló dà sínú rẹ̀.

Ó pè mí kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sìmẹ́ńtì dí ibí yìí o. Bí ilẹ̀ bá wú, ibẹ̀ ló máa sún sí."

Mo ní mo gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo ní ẹ̀tàn ni, pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí kí a lè tún pè é ni. Àlàfo yẹn ń bí mi nínú. Bí mo bá gbálẹ̀, ìdọ̀tí á kó sí i. Alángbá sọ ọ́ di ilé. Lọ́jọ́ kan mo rí ọmọ ejò tó yọrí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ìyá àgbà ń sùn sí yàrá yẹn, ejò sì ń yọjú lẹ́sẹ̀ ògiri rẹ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá ọkọ mi ń lọ. Lọ́sẹ̀ kan, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbàdúrà ní Àjàṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kejì tó lọ, mo wa yanrìn inú àlàfo náà jáde. Mo po sìmẹ́ńtì. Yanrìn kò tó mi, mo bá bu erùpẹ̀ pupa tí ọkọ mi ti kó wá láti Towé fún ọgbà, mo pò ó mọ́ ọn. Mo fi ìpọnkọ ilé ìdáná tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, mo fi ìdí ìgò rẹ́ ẹ. Nígbà tó gbẹ, mo fi ẹfun kùn ún kó lè bá ògiri mu.

Ó dán. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó, inú mi ń dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iṣẹ́ ọwọ́ mi tọ́. Mo ní bí òjò ọdún yẹn bá lọ tán, n ó fi han ọkọ mi.

Òjò kò tíì pé oṣù kan tí ilẹ̀kùn yàrá ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mo fi ọ̀bẹ fá ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ògiri sán lókè fèrèsé. Mo po sìmẹ́ńtì díẹ̀, mo dí i. Ó tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo tún dí i. Ẹ jọ̀ọ́, èyí gan-an ló ń pa mí lára. Mo ti rí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ojú ń tì mí láti ránṣẹ́ pe bàbá náà, nítorí yóò rí ohun tí mo ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá jókòó sórí pèpéle, ó ń pa ẹ̀pà. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ilẹ̀ ti gbé pèpéle sókè, pèpéle ti ti ẹsẹ̀ ògiri wọnú, orí ògiri sì ti ń dà síta díẹ̀díẹ̀. Ògiri náà wó lé ìyá lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó ẹyìn ọ̀pẹ lọ sọ́jà la fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ náà kán sí ibi méjì.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ kejì. Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Alábí, ó pe àwọn àgbà ilé jọ. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú bàbá náà, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Sẹ̀nà, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ògiri yìí lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀?"

Mo ní, "Rárá."

Bàbá Alábí dìde. Ó lọ síbi àlàpà, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ègé sìmẹ́ńtì kan, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti parí fún mi. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó ní kí wọ́n ṣàánú òun.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbéṣẹ́ fún un mọ́. "Ẹni tó wó ilé lé ìyá arúgbó" ni wọ́n ń pè é. Mo gbọ́ pé ó ti kó lọ sí Sakété. Mo tan ara mi pé oníṣẹ́ ọwọ́ kì í wáṣẹ́ tì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra òwú ní ọjà Sakété. Lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù, mo rí bàbá kan tó ń fi orí ru búlọ́ọ̀kù sínú ọkọ̀. Òun ni. Ọkùnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún un.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Ìyàwó, ẹsẹ̀ ìyá ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ń fi ọ̀pá rìn, bàbá."

Ó fọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní, "Mo rí erùpẹ̀ pupa lọ́jọ́ náà. Èmi kì í po sìmẹ́ńtì mọ́ erùpẹ̀."

N kò lè gbójú sókè. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán. Bí wọ́n bá lé ọ jáde lọ́jọ́ yẹn, ta ni ì bá tọ́jú rẹ̀? Mo ní bí ara rẹ̀ bá yá, wàá sọ ọ́ fúnra rẹ. Mo ń retí rẹ̀ láti ìgbà náà." Wọ́n pè é, ó padà sídìí ẹrù rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ mi kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, bó bá gbọ́, ó lè ní kí n máa lọ, Sẹ̀nà kò sì tíì pé ọdún mẹ́wàá. Bí mo bá sì dákẹ́, bàbá yẹn á kú sídìí búlọ́ọ̀kù, orúkọ rẹ̀ á sì bàjẹ́ títí láé. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ọkọ mi ni àbí ìyá rẹ̀? Àbí iwájú àwọn àgbà tí mo ti purọ́ náà ni kí n ti sọ ọ́? Mo mọ̀ pé èébú tọ́ sí mi. Ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí n ó ṣe fún mi.

Láàárọ̀ òní tí à ń gbàdúrà, ìyá ọkọ mi gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún òun ní ìyàwó tó ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ òun láràárọ̀. Ó wá ní òun ti dárí ji Bàbá Alábí, kí Ọlọ́run náà dárí jì í.

Mo ṣe àmín.